Àmì tó wà lórí Oreo: ṣé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni lóòótọ́?

BàbáÌbejì_Ẹdẹ, 7:12 alẹ́
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láàárọ̀ yìí ni ẹnìkan ju fọ́tò bisikíìtì Oreo sórí WhatsApp àwa òbí ní ilé-ìwé àwọn ọmọ mi. Ó fi ìlà pupa yí àmì kan ká láàárín rẹ̀: òbírí gígùn bí ẹyin tó dùbúlẹ̀, igi kan nà ró lórí rẹ̀, igi kéékèèké méjì sì dábùú igi náà. Ó ní àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, pé ọmọ tó bá ti jẹ ẹ́ ti mulẹ̀ láìmọ̀. Kí n tó dé ibi iṣẹ́, àwọn ìyá ti ń tú àpò ọmọ wò.

Èmi náà gbé ọ̀kan sábẹ́ iná, mo sì rí i. Orúkọ OREO wà nínú ẹyin yẹn, igi orí rẹ̀ sì nà bí áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n ayé ọjọ́un. Àwọn ìbejì mi ti jẹ odidi páálí kan tán lóṣù yìí nìkan. Ta ló mọ ìtàn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é? Mi ò bèèrè ìwàásù o.

Atẹ̀wé_Ṣómólú, 7:31 alẹ́
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ wa bà yín lẹ́rù. Àmì àwa atẹ̀wé ni.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ ní Venice ní ilẹ̀ Ítálì, ní nǹkan bí 1480 sí 1500, àwọn ilé ìtẹ̀wé ní àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn ìwé wọn, kí ẹni tó rà á lè mọ ọwọ́ tó ti jáde. Bí àwa náà ṣe ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wa sísàlẹ̀ kàlẹ́ńdà ìsìnkú nìyẹn. Òbírí tí àgbélébùú wà lórí rẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín wọn: òbírí ni ayé, àgbélébùú sì lékè ayé. Àmì onígbàgbọ́ pọ́ńbélé ni, ẹni tó ń pè é ní òkùnkùn kàn ń bú ẹ̀sìn ara rẹ̀ ni.

Adolphus Green, olórí National Biscuit Company ní Amẹ́ríkà, àwọn tó gbé Oreo jáde, ló rí i láàárín àwọn àmì atẹ̀wé àtijọ́, tó sì mú un ṣe àmì bisikíìtì tirẹ̀ ní nǹkan bí 1900. Na-bis-co. Ẹ ti rí ibi tí orúkọ Nabisco ti wá báyìí. Lọ́dún 1901 ni wọ́n kọ́kọ́ lo orúkọ kúkúrú yẹn fún bisikíìtì kan, ó sì di 1971 kí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ.

Ajàgbé_Ọ̀rọ̀, 7:36 alẹ́
Olórí ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ló ń wo àmì àwọn atẹ̀wé kiri? Iṣẹ́ wo ló kọ́ gan-an?

NJ_Àkànní, 8:05 alẹ́
Lọ́yà ni o, ẹ̀gbọ́n Ajàgbé. Lọ́yà Ṣikágò. Iṣẹ́ àdéhùn àti ìwé ẹjọ́ ló mọ̀, kì í ṣe fúláwà pípò.

Bisikíìtì tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ mọ̀ kì í ṣe ìpápánu ọmọdé. Oúnjẹ àwọn atukọ̀ ni: fúláwà àti omi tí wọ́n sun títí ó fi gan paali, kó lè pẹ́ lójú òkun fún oṣù gbọọrọ. John Pearson ń ṣe é ní Newburyport ní Massachusetts láti 1792. Ní 1801, Josiah Bent bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Milton, kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n ní ìró tó ń ṣe nídìí iná ló sọ ọ́ ní kíráká.

Kí ọdún 1890 tó parí, Green ti bá àwọn kan kó bí ogójì ilé ààrò jọ di American Biscuit. Àwọn tó wà lápá New York ti parapọ̀ ní tiwọn, ṣọ́ọ̀bù Pearson sì wà lára wọn. Ni ìjà owó ọjà bá bẹ́ sílẹ̀. Tí apá kan bá já iye lónìí, apá kejì á já a lọ́la. Wọ́n jà títí ó fi rẹ àwọn méjèèjì, ni wọ́n bá gbá mọ́ra ní 1898, wọ́n sì fa ilé-iṣẹ́ kẹta mọ́ra. Àpapọ̀ ilé ààrò 114 lábẹ́ orúkọ kan: National Biscuit Company.

Ìṣòro tó kù ni pé ẹni tó ń ra kíráká kò mọ orúkọ yẹn, kò sì wúlò fún un. Inú agbá onígi ní ṣọ́ọ̀bù ni kíráká wà. Oníṣọ́ọ̀bù á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á bu tiyín sínú bébà. Ọwọ́ yẹn lè ti gé ẹja níṣẹ̀ẹ́jú kan sẹ́yìn. Àgolo epo kẹrosíìnì wà nítòsí, eku wà nínú ilé. Ti òkè agbá ṣì ń ró gbàkà, ti ìsàlẹ̀ ti rọ̀ tàbí kó ti di lẹ́búlẹ́bú. Nínú irú agbá bẹ́ẹ̀, kò sí iyì kankan nínú orúkọ ẹni tó sun ún.

Ibi tí mo ti gba ti lọ́yà yẹn nìyẹn. Dípò kó wá bisikíìtì tó dùn jù, bébà ló lọ wá. Lọ́dún 1898 yẹn náà ni wọ́n mú Uneeda Biscuit jáde, kíráká kan tí kò ní ohun ìyanu kankan nínú. Ohun tó jẹ́ tuntun ni ìdì rẹ̀: bébà tí wọ́n fi ìda pa, tí wọ́n ká pọ̀ mọ́ páálí tó bò ó, tí atẹ́gùn kò sì lè wọlé. Sẹ́ǹtì márùn-ún ni páálí kan. Àwòrán ọmọkùnrin kékeré kan nínú aṣọ òjò, bàtà òjò àti fìlà òjò, tó gbé páálí Uneeda dání, ni wọ́n fi polówó rẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Òjò ń rọ̀, bisikíìtì ò bìkítà. Ẹni tí kò mọ̀wé gan-an lóye ìyẹn.

ÌyáPurofíṣọ̀n_Agbeni, 8:29 alẹ́
Àkànní ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ agbá yẹn kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Inú agolo onígun mẹ́rin ńlá ni ìyá mi ti ń ta bisikíìtì ní tiwa, kì í ṣe agbá. Èèyàn á ní kó fún òun ní ti owó kékeré, ìyá mi á ka mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i lọ́wọ́. Tó bá di ìgbà òjò, ìjà ọjọ́ kan sí èkejì ni. Tí wọ́n bá ṣí agolo lẹ́ẹ̀mẹ́ta lówùúrọ̀, tó bá di ọ̀la, bisikíìtì ti gba atẹ́gùn. Ó ń di ìrẹsì gbígbẹ sínú àkísà mímọ́, á kì í bọ ìdí agolo, kó lè fa ọ̀rinrin. Ó máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ìyókù, àwa ọmọ la ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú tíì, nítorí kò sí oníbàárà tó máa ra bisikíìtì tó ń tẹ̀ bí àmàlà àná.

Títí di òní, tí wọ́n bá já páálí sílẹ̀ fún mi, mi ò kì í ka ohun tí wọ́n kọ síta. Màá ṣí i, màá fa ọ̀kan yọ láàárín, ma fi ìka méjì fún un. Tó bá wú tó sì le, tí kò tú, mo gbà á. Tó bá ṣe fùùù sí mi lójú báyìí, kó máa bá ẹlẹ́rù lọ. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ìkánjú ni. Páálí mẹ́fà ni mo gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Etí ọ̀rá rẹ̀ kò lẹ̀ rárá. Àwọn alátùntà dá a padà fún mi lẹ́yọ lẹ́yọ. Aṣojú wọn ní òjò ló fà á. Mo ní ṣé òjò ló ń lẹ ọ̀rá ní ilé-iṣẹ́ yín ni?

Ọ̀gá_Ààrò, 8:44 alẹ́
Ìyá wa, ẹ gbà mí láyè kí n ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ìdí ààrò bisikíìtì ni mo ti ń jẹun láti ọdún mọ́kànlá, níbí ní Ìkẹjà.

Búrẹ́dì àti bisikíìtì kì í bàjẹ́ lọ́nà kan náà. Búrẹ́dì ní omi nínú, tó bá pẹ́ níta á gbẹ. Bisikíìtì la ti sun títí omi inú rẹ̀ kò fi tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó gbẹ tó bẹ́ẹ̀, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Omi tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ Èkó, á fà á wọra. Ìdí nìyẹn tí onímáṣíìnì ìdì fi lágbára ju wa lọ ní ilé-iṣẹ́ wa. Ààrò lè sun ún dáadáa, kí ìdì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ wo kíráká yín dáadáa, ẹ óò rí àwọn ihò kéékèèké lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Abẹ́rẹ́ ló ń gún un kó tó wọ ààrò, kí ooru lè ráyè jáde. Láìsí ihò, á wú láàárín bí pọfupọ́ọ̀fù, á sì fọ́.

Ẹ tún má gbàgbé Newton, èyí tí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ sí nínú. Ilé ààrò Kennedy ní Cambridgeport ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1891, orúkọ ìlú kan nítòsí ni wọ́n fi sọ ọ́. Máṣíìnì rẹ̀ ló wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. James Henry Mitchell ló ṣe é: àrọ méjì ni, ọ̀kan wà nínú èkejì. Ti inú ń ti ọ̀pọ̀tọ́ jáde, ti òde ń ti fúláwà pípò jáde, wọ́n á sì yọ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí okùn gígùn kan tí àárín rẹ̀ ti kún. Wọ́n á kàn máa gé e. Mo ti bá irú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Tí fúláwà bá fi díẹ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀pọ̀tọ́ á bẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọjọ́ yẹn ò ní í rọgbọ.

Ajàgbé_Ọ̀rọ̀, 9:02 alẹ́
Ẹ ti yin lọ́yà yẹn tó. Ẹ jẹ́ n sọ ti Oreo tí àwọn ìbejì ń jẹ.

Oreo kọ́ ló ṣáájú. Hydrox ni. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan, Jacob Loose àti Joseph Loose, wà pẹ̀lú Green nínú American Biscuit tẹ́lẹ̀. Wọ́n kúrò, wọ́n dá Loose-Wiles sílẹ̀ ní Kansas City ní 1902. Ní 1908 wọ́n gbé Hydrox jáde: bisikíìtì dúdú méjì tí àwòrán wà lára wọn, kírímù funfun láàárín. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1912, ni National Biscuit gbé Oreo jáde: bisikíìtì dúdú méjì, kírímù funfun láàárín. Ẹ dákun, kí ni orúkọ ìyẹn ní ọjà Agbeni?

Èyí tó ń bí mi nínú ni pé ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló ń gbé gbogbo ènìyàn lọ sílé ẹjọ́. Ní 1899 ẹnìkan ń ta "Iwanta" biscuit. Uneeda túmọ̀ sí pé o nílò rẹ̀, ìyẹn náà ní òun fẹ́ ẹ. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, wọ́n borí. Wọ́n tún pe Kellogg lẹ́jọ́ lórí oúnjẹ àlìkámà tí wọ́n ń pè ní Shredded Wheat, pé àwọn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ àti ìrísí rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní rárá ní 1938: ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ti parí ní 1912, orúkọ àti ìrísí ti di ti gbogbo ayé.

Ọmọ_Ìyá_Ẹ̀kọ, 9:08 alẹ́
Hydrox! Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ẹ̀ ń sọ yẹn. Ta ló máa fi orúkọ bẹ́ẹ̀ sọ oúnjẹ?

Ajàgbé_Ọ̀rọ̀, 9:11 alẹ́
Wọ́n ní láti ara háídírójìn àti ọ́síjìn tó wà nínú omi ni wọ́n ti fà á yọ, kó lè dún bí ohun tó mọ́. Mo gbà pé orúkọ yẹn ò ràn án lọ́wọ́.

ÌyáPurofíṣọ̀n_Agbeni, 9:15 alẹ́
Ajàgbé, o ní kí ni orúkọ rẹ̀ ní Agbeni? Ọjà ni. Tí ọ̀kan bá ti ń tà, tó bá di oṣù kejì, mẹ́ta tó jọ ọ́ á ti dé. Èmi kì í bínú sí i, èyí tí àwọn ọmọ bá ń bèèrè ni mò ń rà.

NJ_Àkànní, 9:40 alẹ́
Ohun tí ẹ̀gbọ́n Ajàgbé sọ òtítọ́ ni, mi ò lè já a ní koro. Ẹni tó ṣáájú ni wọ́n wá ń pè ní ayédèrú. Ìyà yẹn pọ̀ lórí Hydrox. Ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó ní i bọ́ sọ́wọ́ Keebler, oníbisikíìtì mìíràn, ní 1996, Keebler bọ́ sọ́wọ́ Kellogg ní 2001, wọ́n sì pa á rẹ́ ní 2003. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tún jí i padà ní 2015.

Ṣùgbọ́n Oreo náà kò fò sókè lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Mẹ́ta ni wọ́n gbé jáde pọ̀ ní 1912: Mother Goose, Veronese, àti Oreo gbẹ̀yìn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n rò pé á tà. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Hoboken ní New Jersey, tí kò jìnnà sílé mi, ló kọ́kọ́ ra Oreo ní oṣù kẹta ọdún yẹn. Lónìí, ta ló tún ń rántí Veronese?

BàbáÌbejì, ẹ̀yin lẹ bèèrè, ẹ jẹ́ n dá yín lóhùn nípa àwòrán ara rẹ̀. Èyí tó wà lára rẹ̀ nísinsìnyí, òdòdó àti ìlà, láti 1952 ló ti wà bẹ́ẹ̀. William Turnier, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, ló yà á. Kò dá àmì kankan sílẹ̀ lóru. Àmì Green tó ti wà lára páálí wọn tipẹ́ ló fi sí àárín.

Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ sun ún, Manhattan ni, lójú pópó kẹsàn-án, láàárín òpópónà 15 àti 16. Wọ́n kúrò níbẹ̀ ní 1958 lọ sí Fair Lawn níhìn-ín. Ilé àtijọ́ yẹn ló di Chelsea Market ní 1997, Google sì rà á ní 2018 ní bílíọ̀nù dọ́là méjì àti díẹ̀. Ẹ wọ inú rẹ̀ lónìí, ẹ óò máa fẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sun Oreo, kọfí olówó gọbọi ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Fair Lawn ni mo mọ̀ ní tèmi. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà ní 2009, takisí ni mo ń wà. Tí mo bá gba ojú ọ̀nà 208 kọjá lóru, tí mo sì sọ fèrèsé kalẹ̀, òórùn ṣúgà tó ń jóná díẹ̀díẹ̀ á kún inú ọkọ̀. Àwọn èrò tó ń sùn lẹ́yìn á ta jí, wọ́n á ní ta ló ń ṣe búrẹ́dì. Ní 2021 wọ́n ti ibẹ̀ pa, wọ́n ti ti Atlanta náà pa. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ tó kù daṣẹ́ sílẹ̀, láti Portland ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà. Wákàtí iṣẹ́ àti owó àṣekún ni ìjà náà dá lé, pẹ̀lú ẹ̀rù pé iṣẹ́ ń lọ sí Mẹ́síkò. Kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní 2016 iṣẹ́ bí ẹgbẹ̀ta ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ Ṣikágò. Ìlú Green nìyẹn o.

Ọ̀gá_Ààrò, 9:52 alẹ́
Àkànní, o fi Ritz sílẹ̀! 1934, ìgbà tí ebi ń pa Amẹ́ríkà. Kíráká tí wọ́n fi òróró àti iyọ̀ pa lára lẹ́yìn tó ti jáde nínú ààrò, tí wọ́n sì fún ní orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì àwọn olówó. Tálákà á jẹ ẹ́, á ṣe bí ẹni wà ní Paris.

Atẹ̀wé_Ṣómólú, 9:58 alẹ́
Àti páálí bisikíìtì ẹranko ti 1902! Okùn wà lára rẹ̀ kí wọ́n lè fi kọ́ sára igi Kérésìmesì. Àwọn ẹranko náà wà nínú àgò lórí páálí yẹn títí di 2018, kí wọ́n tó yà wọ́n bí ẹni tó ń rìn ní pápá, nítorí àwọn tó ń jà fún ẹranko ní àgò ò bójú mu. Iṣẹ́ atẹ̀wé náà nìyẹn.

ÌyáPurofíṣọ̀n_Agbeni, 10:03 alẹ́
Ta ló wá ni wọ́n báyìí? Ṣé ìdílé Green ṣì wà níbẹ̀?

NJ_Àkànní, 10:20 alẹ́
Rárá o, Màmá. Wọ́n ti tà á, wọ́n tún un tà. Ní 1981 wọ́n dà á pọ̀ mọ́ Standard Brands, ilé-iṣẹ́ oúnjẹ mìíràn. Ní 1985 R.J. Reynolds rà á, ìyẹn àwọn tó ń ṣe sìgá Camel àti Winston. Oreo àti sìgá nílé kan náà. Ní 1988 àwọn olókòwò kan ní New York, KKR, fi owó tí wọ́n yá gbé gbogbo rẹ̀ ní bílíọ̀nù dọ́là bí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Gbèsè rẹ̀, orí ilé-iṣẹ́ náà ló bọ́ sí. Nígbà tó di 2000, onísìgá mìíràn, Philip Morris tó ni Marlboro, rà á, ó sì kó o fún Kraft tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kraft ra Cadbury ní 2010. Ní 2012 Kraft pín sí méjì, èyí tó kó bisikíìtì àti ṣokoléètì dání ń jẹ́ Mondelez. Òun ló ni Oreo lónìí.

Uneeda, tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, ti dáwọ́ dúró ní nǹkan bí 2009. Kò tà mọ́.

Ajàgbé_Ọ̀rọ̀, 10:24 alẹ́
Dúró ná. Cadbury wo? Cadbury Agídíngbì?

NJ_Àkànní, 10:26 alẹ́
Òun náà. Mondelez ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

BàbáÌbejì_Ẹdẹ, 10:51 alẹ́
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti kó ọ̀rọ̀ Atẹ̀wé lọ sórí WhatsApp àwọn òbí: Venice, àgbélébùú, gbogbo rẹ̀. Ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo bá ṣàṣìṣe, mo fi ti Àkànní tó gbẹ̀yìn náà kún un.

Ìyá Tóbi ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní òun ti gbọ́ ti Oreo, kí n kàn sọ fún òun tààrà: Bournvita tó wà nílé òun, ṣé kí òun dà á nù?

ÌyáPurofíṣọ̀n_Agbeni, 10:55 alẹ́
Kó gbé e wá fún mi. Màá fi ìka méjì fún un wò.